Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Mọ Ọwọ́ Rẹ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sí láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ojú-ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti pa rẹ́ tí mo sì tún kọ, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Orúkọ méjì ló wà lókè rẹ̀: Ọlájùwọ́n àti O'Neal. Ọdún 1995 ló wà lábẹ́ wọn. Ohun tí n kò tíì lè kọ síbẹ̀ kí ọkàn mi sì balẹ̀ ni ẹni tó borí nínú àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe pé n kò mọ ẹgbẹ́ tó gba ife. Houston Rockets ti Ọlájùwọ́n na Orlando Magic ti O'Neal ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, Orlando ò rí ẹyọ kan mú. Gbogbo ayé ló rí ìyẹn. Ohun tí mò ń wá jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin méjì tó ga bí ìgànná bá kojú ara wọn lálẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù lé èkejì lórí, tí èkejì náà sì jù lé e lórí padà, kí la fẹ́ fi mọ ẹni tó ju ẹnì kejì lọ? Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Ọmọ Èkó ni, ọmọ Yorùbá ni, n kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dájọ́ ẹ̀gbọ́n ẹni nígbà náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tún fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ó máa ń wá sùn sílé mi bí ìdíje ìparí sáà ti Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní playoffs, bá ti dé àṣekágbá, torí pé nǹkan bí aago méjì òru ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n lóru. A jókòó, a ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ fi Hakeem sílẹ̀ jàre. Giannis ti ṣe ohun tí Hakeem ò ṣe rí. Àádọ́ta pọ́ìntì, lálẹ́ tí wọ́n gba ife!"

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2021, Milwaukee na Phoenix, 105 sí 98, Giannis Antetokounmpo nìkan sì ju 50 nínú rẹ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù 14 tó ta padà lára irin, ó tún gbá márùn-ún dànù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sáwọ̀n. Hakeem kò ju àádọ́ta rí nínú playoffs. Èyí tó pọ̀ jù tó jù ni 49, ìyẹn lọ́dún 1987 nígbà tí wọ́n kojú Seattle, wọ́n sì pàdánù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu mi wọlé. Ó sì tún wá jẹ́ pé ilé kan náà ni ìjà yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ Giannis ní Gíríìsì lè da ojú rú, ṣùgbọ́n Adétòkunbọ̀ ni, bàbá rẹ̀ ló fi orúkọ Yorùbá yẹn sílẹ̀ fún un. Ọlájùwọ́n àti Adétòkunbọ̀. Bí ọmọ bàbá kan náà tí wọ́n ń jiyàn lórí oko ni èmi àti ọmọ yìí ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí ohun tí à ń wọ̀n. Ìdíje 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí playoffs tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n wà ní Boston, lọ́la wọ́n wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀tunla wọ́n dé Denver. Ẹgbẹ́ tó wá bá ọ lálẹ́ yìí lè má rí ọ mọ́ títí oṣù mẹ́ta. Nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní ọgbọ́n kan ṣoṣo lè máa fi í jẹun lọ títí ọdún yóò fi parí. Nínú playoffs, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan náà ni wàá máa rí, ó lè tó ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn yóò jókòó ti fídíò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọn yóò mọ èjìká tí o máa ń fi yí, wọn yóò mọ ibi tí o fẹ́ràn láti dúró sí, wọn yóò mọ iye ìgbà tí o máa ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ kí o tó fò. Àwọn tó ń ta ayò nídìí igi ládùúgbò wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó jẹ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ òpè tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kòńgẹ́. Ọ̀ta ni ẹni tó ṣì ń jẹ ọ́ lẹ́yìn tí o ti mọ ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ohun tí playoffs ṣe sí ènìyàn. Nínú gbogbo ọdún tí Hakeem fi gbá bọ́ọ̀lù náà, pọ́ìntì 21.8 ló ń jù nínú ìdíje kan. Nínú playoffs, ó di 25.9, ìyẹn fún ìdíje 145, kì í ṣe fún ọdún kan tàbí méjì. Ti Patrick Ewing jẹ́ 21.0, ó wálẹ̀ sí 20.2. Ti David Robinson jẹ́ 21.1, ó wálẹ̀ sí 18.1. Shaquille O'Neal, tó lágbára bí erin, kúrò ní 23.7 bọ́ sí 24.3. Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí ò ṣe Robinson dáadáa. Ọdún tí ara rẹ̀ ti ń rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọdún tó fi ipò sílẹ̀ fún Tim Duncan tí àwọn méjèèjì sì jọ gba ife ní 1999 àti 2003. Síbẹ̀, 21.8 sí 25.9. Bí àwọn mìíràn bá ti ń rí ìdènà, òun ń pọ̀ sí i.

Ewing ni mo fi kọ́ ara mi ní ìdájọ́ òdodo. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kingston, ní Jàmáíkà ni. Òun àti Hakeem ti pàdé ní àṣekágbá àwọn yunifásítì lọ́dún 1984, Georgetown tirẹ̀ sì na Houston, 84 sí 75. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi retí ara wọn. Ní oṣù Kẹfà 1994, New York Knicks àti Houston Rockets wá gbá ìdíje méje, kò sí èyí tó kù. Hakeem ń ju 26.9, Ewing ń ju 18.9. Kò sí ọ̀kan nínú ìdíje méjèèje tí Ewing ti jù ju Hakeem lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí Ewing bá jù, 36 ló ń wọlé. Ti Hakeem tó ìdajì.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ẹjọ́ ti parí, èmi náà sì dúró síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ Ewing ń gba bọ́ọ̀lù méjìlá lálẹ́ kan lára èyí tó ta padà, Hakeem ń gba mẹ́sàn-án. Ewing gbá 30 bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn ará Houston, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe irú rẹ̀ nínú àṣekágbá kan ṣoṣo títí di ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìdíje karùn-ún, Knicks ti ní mẹ́ta, Houston ní méjì. Ó ku ẹyọ kan péré kí Ewing gbé ife. Kò sí ẹni tó ń dé irú ibẹ̀ tó jẹ́ aláìlera.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje kẹfà ni n kò lè gbàgbé. Houston ní 86, Knicks ní 84, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ John Starks ti Knicks, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ewing wá dúró bí ògiri láti dènà ẹni tó ń ṣọ́ Starks, Starks sì yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbéra láti ẹ̀yìn ìlà pọ́ìntì mẹ́ta. Bó bá wọlé, Knicks gba ife. Hakeem, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ Ewing, fi Ewing sílẹ̀, ó sáré síta bí ọmọ kékeré, ó sì na ọwọ́. Orí ìka rẹ̀ ló kan bọ́ọ̀lù náà. Kò dé inú àwọ̀n. Nínú ìwé ìṣirò, ẹyọ kan ni wọ́n kọ fún Hakeem, bákan náà bí wọ́n ṣe kọ ẹyọ kan fún èyíkéyìí nínú ọgbọ̀n ti Ewing. Nínú ìdíje keje, lọ́jọ́ 22 oṣù náà, Houston borí, 90 sí 84, Hakeem ju 25, ó sì fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù méje tó di pọ́ìntì.

A ò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan tí wọ́n ń gbé ní Houston nígbà náà ni wọ́n máa ń gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n ń fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Wọ́n á fi báírò kọ "Àkíìmù" sára rẹ̀, láìsí H kankan, bí gbogbo Èkó ṣe ń pè é. (Bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà títí di oṣù Kẹta 1991, kó tó dá H inú orúkọ Lárúbáwá náà padà síbẹ̀.) Ẹ̀rọ tiwa kò bá kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà mu. Àwòrán náà dúdú, ó funfun, ìlà kan sì máa ń gùn ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wo 1995. Fún ìgbà pípẹ́, n kò mọ̀ pé pupa ni aṣọ Houston.

Èyí tó wú wa lórí jù ni ìdíje kejì pẹ̀lú San Antonio Spurs. Ìdíje 62 ni San Antonio borí lọ́dún náà, kò sí ẹgbẹ́ tó ní tó bẹ́ẹ̀. Houston ní 47 péré, ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ìhà Ìwọ̀ Oòrùn. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo ará ìlú rẹ̀, wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ MVP, ti agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ lọ́dún, lé David Robinson lọ́wọ́. Hakeem ló ni ín lọ́dún tó ṣáájú. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò. Nígbà tí ìdíje náà fi máa parí, ó ti ju 41.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fa kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn fún débi pé àwòrán ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya. Hakeem gba bọ́ọ̀lù, ó kojú Robinson. Ó gbá a nílẹ̀, ó ju èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ti ń lọ, Robinson tẹ̀ lé e. Ó yí padà. Robinson náà yí, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ológun ojú omi ni tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ le bí irin. Hakeem wá gbé bọ́ọ̀lù sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ wà lára irin, gbogbo ara rẹ̀ ní òun ń jù ú. Robinson fò. Ó fò dáadáa, bó ṣe yẹ kí ènìyàn fò. Ìgbà tó wà lókè ló rí i pé bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Hakeem fi ẹsẹ̀ kan là á kọjá lábẹ́ apá, ó sì rọra gbé bọ́ọ̀lù náà sáwọ̀n bí ẹni ń gbé ẹyin sínú igbá.

"Má wo bọ́ọ̀lù," ẹ̀gbọ́n mi á wí. "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ẹsẹ̀ náà ni mo wá ń wò. Èkó ni wọ́n ti mọ ọ́n. Hakeem ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rárá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, agọ́ọ̀lù ni, ó sì tún ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù. Agọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ kó tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, torí náà ó kọ́ láti mú kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹwà yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n gbé e ga ju Robinson lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ 41 yẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni ìdíje kẹrin. San Antonio ti kàwé rẹ̀ tán. Wọ́n wá sí Houston, wọ́n ká a lọ́wọ́ kò, 20 péré ló rí jù, wọ́n sì na ẹgbẹ́ rẹ̀, 103 sí 81, níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Ó di méjì sí méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ti máa ń wọ̀ọ̀kùn. Wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ, o sì mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Hakeem padà lọ sí San Antonio fún ìkarùn-ún, ó ju 42. Ó padà wálé fún ìkẹfà, ó ju 39. Lápapọ̀, 35.3 ló ń jù nínú ìdíje kan, Robinson 23.8. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dá Robinson dá a, tí ẹnikẹ́ni ò wá ràn án lọ́wọ́, mo sì ń bá a kẹ́dùn títí dòní, torí pé òun ni ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí wọ́n dójú tì, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ì bá ṣe dáadáa jù ú lọ ní ipò yẹn. Ìdájọ́ mi lórí àwọn méjèèjì kò yí padà láti ìgbà yẹn. N kò pa ojú-ìwé ti Robinson rẹ́ rí.

Ti O'Neal ló ṣòro.

Ní àṣekágbá 1995, Hakeem ti pé ọmọ ọdún 32, O'Neal, tí gbogbo ayé ń pè ní Shaq, jẹ́ 23. Hakeem ju 31, 34, 31 àti 35. Shaq ju 26, 33, 28 àti 25. Ẹ wò ó, alẹ́ mẹ́rin, Hakeem kò ju iye tó dín ní ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo wá dàgbà tó láti wo ìyókù, mo rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí Shaq jù, ó lé ní 59 tó wọlé, nígbà tí ti Hakeem jẹ́ 48. Shaq gba bọ́ọ̀lù tó ta padà jù ú lọ, 12.5 sí 11.5. Ó tún fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù tó di pọ́ìntì jù ú lọ, 6.3 sí 5.5. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé Shaq ló borí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Ọkàn mi ò gbà á.

Mo wá rántí ìdíje kìn-ín-ní. Orlando ti fi ogún pọ́ìntì ṣáájú nígbà kan, Houston sì lé wọn bá. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, tí Orlando fi mẹ́ta ṣáájú, Nick Anderson dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ó ju mẹ́rin léraléra, kò sí èyí tó wọlé. Kenny Smith ti Houston sáré lọ ju ti mẹ́ta, ó di ọ̀mì, wọ́n fi àkókò kún un. Níkẹyìn, Clyde Drexler fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó tàsé, Hakeem sì fi ọwọ́ tì í wọlé nígbà tó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. 120 sí 118. Bí ọ̀kan péré nínú mẹ́rin Anderson bá wọlé ńkọ́? Ṣé Shaq á di ẹlòmíràn ni? Iye tí òun jù lálẹ́ náà ò ní yí padà. Ìwé ìtàn nìkan ló máa yí. Mo tún pa á rẹ́.

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ báyìí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ipá mú èkejì ṣe. Shaq ń dúró lábẹ́ irin, ibi tí agbára rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Hakeem náà ò lè lé e. Hakeem wá kọ̀ láti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń fà á jáde, ó ń jù láti ibi tí ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ti fẹ́ dé, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi tàsé ju ti Shaq lọ. Nígbà tí ìdíje kẹrin ń parí lọ, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà pọ́ìntì mẹ́ta, ó sì jù ú lé Shaq lórí, ó wọlé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ irin ni o! Irú wọn kì í dé ìdí ìlà yẹn láyé ìgbà náà. Mo gbà pé Hakeem ló mú kí Shaq gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tí kò mọ̀, tí Shaq kò sì rí irú rẹ̀ ṣe sí i. Ìyẹn nìkan ni mo lè búra lé. Bóyá mo tún máa pa á rẹ́.

Ojú-ìwé kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá mi jiyàn lé lórí. Ọdún 1988, Dallas, ìpele àkọ́kọ́. Hakeem ń ju 37.5, ó ń gba bọ́ọ̀lù 16.8 tó ta padà lálẹ́ kan, Dallas sì na Houston, mẹ́ta sí ọ̀kan, ó di ilé. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń ka ife láti mọ ẹni tó ju ẹni lọ, ibo ni wọ́n fẹ́ fi èyí sí? Ọkùnrin yẹn ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fún wọn, ó sì fún wọn tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ti fi ìwọ̀n yẹn wọn Giannis?"

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ní 2021, bó bá ti dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ní ìlú àlejò, gbogbo pápá á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá lé e lórí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, torí pé ó máa ń pẹ́. Kò tó mẹ́fà tó ń wọlé nínú mẹ́wàá rẹ̀ nínú playoffs náà. Gbogbo ayé mọ ibi tó kù sí. Orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀ ní Atlanta lọ́sẹ̀ kan ṣáájú àṣekágbá, Phoenix sì ti na wọ́n nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́. Ó wá di alẹ́ tí wọ́n gba ife, ó ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 19, 17 wọlé. Ibi tí wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ̀ jù lọ gan-an ló gbà kọjá. Mo sọ fún ọmọ náà pé, bó bá jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo ni, mo fún un. Giannis ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọdún méjì léraléra, Ewing, Robinson, O'Neal, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, tí kálukú wọn sì ń wá pẹ̀lú ìdènà tirẹ̀, mi ò tíì rí ẹlòmíràn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Kò rí kásẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì ní ẹ̀rọ náà mọ́. Mo wá ìdíje kejì San Antonio lórí fóònù mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Robinson fò. Hakeem kọjá lábẹ́ rẹ̀. Pupa ni aṣọ rẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò," ló wí, ó fi ìka fà á padà.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó tún un wò. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìsinmi ti parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abala kẹta, a ò sì mọ̀ pé ó ti pẹ́.